Ọkọ̀ Afẹ́fẹ́ ní Ìbàdàn: Ta Ló Ń Yí Kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo gé e kúrú díẹ̀ fún kíkà.)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ̀yin awakọ̀ Micra tí ẹ páàkì síta lásìkò tí èrò pọ̀ lójú títì, ọpẹ́ tiyín tún yàtọ̀.

Ọkọ̀ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ rìn ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í mu epo, kì í rú èéfín, kò ní bátìrì ńlá. Ọ̀pọ̀ yín ló ti rí fídíò rẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó fi í ránṣẹ́ á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún wa ní afẹ́fẹ́.” Ọkọ̀ náà wà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ “ọ̀fẹ́” yẹn ni mo wá bá jà.

Kì í ṣe nǹkan àná. Nílùú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro tí Louis Mékarski ṣe fi afẹ́fẹ́ gbé èrò láti 1879 títí di 1917. Àwọn awakùsà náà lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ihò, torí kì í ta iná sí gáàsì tó bá wà níbẹ̀. Láyé tiwa, Guy Nègre, ọmọ Faransé tó ti ṣe ẹ́ńjìnnì fún eré ìje Formula One, dá ilé iṣẹ́ MDI sílẹ̀. Ó ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó pè ní AirPod, tí wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré kan darí dípò sítíárìnì. Tata Motors ti ilẹ̀ Íńdíà bá MDI tọwọ́ bọ̀wé ní 2007. Ọkùnrin náà kú ní 2016, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì tíì di ohun tí ará ìlú ń rà.

Àwọn kan á ní àwọn elépo ló pa ọkọ̀ náà. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Èmi rò pé ìṣirò ló pa á.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ á ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú táǹkì líle. Bar la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó: táyà Micra ń gba bíi bar 2. Táǹkì yìí ń gba bíi bar 300. Bí awakọ̀ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á tú jáde, á ti pístìnnì, táyà á yí. Bí ẹ bá há sínú sún kẹ̀rẹ̀ fà kẹ̀rẹ̀ ní Ìwó Road, ọkọ̀ náà kì í jẹ nǹkan kan títí ọ̀nà yóò fi ṣí.

Wàhálà ibẹ̀ ni ooru. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ bọ́ọ̀lù rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Bí ẹ bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dé bar 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru rẹ̀ á kọjá 1,000 digiri. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní ìpele ìpele, tí wọ́n ń tù ú láàárín, gbogbo ooru tí wọ́n sì tù dànù yẹn, owó iná ni. Bó bá wá ń tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń tutù débi pé ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè di yìnyín kó sì dí ọ̀nà. Nínú oṣù kẹfà n'Ìbàdàn, ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ wa ṣe máa ń lómi tó. Ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́ kó tó wọ táǹkì. Mékarski ti mọ èyí: inú omi gbígbóná ló ń mú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ gbà kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Oòrùn wa ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ níbí, torí ẹ́ńjìnnì yìí máa ń fa ooru láyìíká rẹ̀, yóò sì ṣe dáadáa níhìn-ín ju ìlú olótùútù lọ.

Ẹnì kan ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ṣebí ọkọ̀ CNG náà ń gbé táǹkì bar 200 kiri, tó sì ń rìn jìnnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gáàsì ni CNG, ó ń jó. Torí kó lè gba inú táǹkì ni wọ́n ṣe fún un pọ̀. Afẹ́fẹ́ kì í jó. Ìfúnpọ̀ yẹn nìkan ni gbogbo agbára tó ní. Nínú táǹkì kan náà, ní bar 200 kan náà, agbára gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́. Bí omi inú àmù ni afẹ́fẹ́ inú táǹkì rí: àmù kì í sun omi, ẹnì kan ló lọ pọn ọ́n.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ìpọnmi náà. Mo fi ojú àánú ṣe é. Táǹkì lítà 300, ní bar 300: agbára inú rẹ̀ kò ju bíi yúnítì iná 12 lọ. Kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ á jẹ bíi yúnítì 20 kó tó kún. Ẹ́ńjìnnì á rí bíi 6 fi yí táyà, èyí tó lè gbé ọkọ̀ tó fúyẹ́ rin bíi kìlómítà 70. Nígbà tí wọ́n gbówó iná Band A lérí ní oṣù kẹrin 2024, 225 náírà ni yúnítì kan. Ogún rẹ̀ jẹ́ 4,500 náírà. Micra tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá ṣáṣá á mu bíi lítà 5 fún kìlómítà 70. Bí lítà kan bá jẹ́ 900 náírà, 4,500 náírà náà nìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn. Ẹ dúró, iná NEPA nìyẹn o. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kékeré inú rẹ̀ á jẹ bí ìdajì lítà lórí yúnítì kan. Yúnítì 20 á gba lítà 10. Ọkọ̀ tí ẹ ní kì í mu epo ti mu ìlọ́po méjì ti Micra, ẹ̀yìnkùlé yín lẹ kàn gbé èéfín rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kó yúnítì 20 kan náà fún ọkọ̀ oníbátìrì, bíi 14 á dé ẹsẹ̀ táyà. Olùṣèwádìí kan, Felix Creutzig, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2009, ibi kan náà ni tiwọn já sí: ọkọ̀ afẹ́fẹ́ ń fi iná ṣòfò gan-an ju ọkọ̀ oníbátìrì lọ.

Nítorí náà, láti Challenge sí Dùgbẹ̀, ẹ fún mi ní kẹ̀kẹ́ Márúwá oníbátìrì. Ibi tí mo ti fẹ́ rí ọkọ̀ afẹ́fẹ́ ni inú ọgbà: ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ọgbà ilé ìwòsàn UCH, níbi tí ọ̀nà kò ti jìn, tí ọkọ̀ ń padà síbi kan náà. Ẹ to sólà sórí òrùlé, kí iná ọ̀sán tó ń ṣòfò máa yí kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀. Òfò ṣì wà, àmọ́ oòrùn ni wọ́n ń fi ṣòfò. Táǹkì kì í sì gbó bíi bátìrì, tí a máa ń pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, owó tó sì ń ba gbogbo ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lẹ́rù nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, bàbá awakọ̀ kan láti Ọjà'ba béèrè bóyá a lè yí Micra òun padà. Mo ní, “Bàbá, irin Micra wúwo jù. AirPod fúyẹ́ débi pé ẹ lè máa pè é ní kẹ̀kẹ́ tó ní òrùlé. Bí ẹ bá gbé Micra gun Mápó pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan fi sọ̀ kalẹ̀.” Ó ní sísọ̀ kalẹ̀ kò kan epo.

Ọmọkùnrin fọganáísà kan láti Sángo wá dìde. “Ọ̀gá, ṣé kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ tèmi kò lè fẹ́ ẹ?” Mo ní, “Àbúrò, bar 8 sí 10 ni tìrẹ. Bó bá fẹ́ táǹkì lítà 300 dé bar 10, ọkọ̀ náà kò ní rin kìlómítà kan.” Ó ní òun ti ń ro sìlíńdà gáàsì ìdáná tí òun lè lò bí òun bá rí kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ tó lágbára. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo èrò pé kó má dán an wò láéláé. Wọn kò ṣe sìlíńdà yẹn fún bar 300. Bó bá bẹ́, irin rẹ̀ á fò bí ọta ìbọn, kò sì ní mọ oníbàárà yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ. Táǹkì tí wọ́n ṣe fún un, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí ìwé ẹ̀rí wà lára rẹ̀ nìkan ló yẹ ká ki irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní òun gbọ́, ó sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan.