Ejẹ́ǹtì Ìwé Kì Í Ṣe Ejẹ́ǹtì Ilé

Àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan ní Iléṣà ni mo bá sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Bí mo bá ti pe "ejẹ́ǹtì" báyìí, mo mọ ẹni tó wá sí yín lọ́kàn. Ẹ ó ra fọ́ọ̀mù, ẹ ó sanwó kó tó fi yàrá hàn yín, ẹ ó san owó ejẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, òrùlé ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹni yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ejẹ́ǹtì ìwé ló ń bá òǹkọ̀wé wá ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde, tó ń bá a dúnàá-dúrà, tó ń yẹ àdéhùn wò, tó sì ń gba owó rẹ̀ wá. Nílùú Òyìnbó, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ejẹ́ǹtì.

Bàbá kan níwájú ní, "Kí wá ni òun ń jẹ níbẹ̀?"

Ẹ ṣé, bàbá. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìwé bá pa fún òǹkọ̀wé nílé ló wọ́pọ̀, ìdá 20 bó bá tà á sí ilẹ̀ òkèèrè. Bí kò bá rí ìwé náà tà fún atẹ̀wéjáde, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí èyí tètè yé. Òṣómàáló á kọ́kọ́ gbé aṣọ sílẹ̀ láwìn ná. Ìgbà tó bá yá ni yóò wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó yóò fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ejẹ́ǹtì gidi, àmọ́ ẹnu ọ̀nà atẹ̀wéjáde ló ti ń lóṣòó, kì í ṣe tiyín.

Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Ẹnì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ìwé mi wu òun, kí n ṣáà san owó kíkà, ìyẹn owó tí òun yóò gbà kó tó kà á. Mo san án. Ó tún ní owó àtúnṣe kù. Mo san án. Nígbà tó dórí ẹ̀kẹta, ọkọ mi bi mí pé ta ló ń ta ìwé fún ta. Àwọn ẹgbẹ́ ejẹ́ǹtì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn gba owó kíkà.

Ẹ parí ìwé náà ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìtàn àròsọ tó jọ tiyín, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́. Ó sábà máa ń dárúkọ ejẹ́ǹtì rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kó ọgbọ̀n orúkọ pọ̀ sínú ímeèlì kan ṣoṣo, gbogbo wọn sì rí ara wọn!

Lẹ́tà tí ẹ ó kọ sí wọn, ojú ewé kan ni. Nínú tèmi àkọ́kọ́, mo kí wọn, mo kí ará ilé wọn, mo dárúkọ ilé ìwé mi, mo ní ìtàn náà dùn mọ́ ìyá mi. Ta ló béèrè ìyá mi? Ẹ wo èyí tí mo wá fi rọ́pò rẹ̀: "Òṣómàáló kan kú ní Iléṣà. Wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n bá ìwé gbèsè níbẹ̀. Orúkọ ìyá ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́." Èyí ló mú kí ẹnì kan ní kí n fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró. Àwọn mìíràn ò fèsì rárá. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn ò fẹ́ nìyẹn.

Ṣé dandan ni? Rárá. Ní Nàìjíríà, àwọn atẹ̀wéjáde ṣì ń gba ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, kí lẹ ń wá dé ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì London? Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó, ìdíje ló fi ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí, ilé ìtẹ̀wé CMS sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938.

Bí a ṣe ń jáde, ọmọbìnrin kan na fóònù sí mi. "Mọ́mì, ẹ bá mi wo lẹ́tà mi." A jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní kó pa ìkíni rẹ́, kó pa orúkọ ilé ìwé rẹ́, kó pa ìlà kẹta náà rẹ́. Ó pa á, ó sì wojú mi. Ní ìlà kẹrin, ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn lóru.