Ṣé Mo Sọnù Ni? Ìrìn Etí Kánààlì ní Llangollen

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi nìkan ni lónìí, mi ò pe àlejò kankan. Mo ti lọ họ́lídè dé, Wales ni mo lọ, ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Llangollen. Bí wọ́n ṣe ń débẹ̀ àti iye tí hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́, ẹ wò ó lórí Google jàre, ìyẹn kọ́ ló gbé mi dé ibí.

Kánààlì kan, ìyẹn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ omi, wà níbẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà létí ẹ̀, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí pé èémí ń ká èèyàn lára. Ẹṣin ni wọ́n la ọ̀nà yẹn fún láyé àtijọ́, ẹṣin á máa rìn létí omi, á máa fi okùn fa ọkọ̀ ẹrù. Ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ àwọn tó wá gbafẹ́ níbẹ̀ o! Mo dúró wo ọ̀kan, kò kánjú rárá, mo ní èmi náà ò ní kánjú lónìí.

Mo wá ń rìn lọ wẹ́rẹ́, fóònù wà nínú báàgì, pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́, oòrùn yọ díẹ̀. Ni ìyá àgbà òyìnbó kan tòun ti ajá ẹ̀ bá dúró níwájú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣé o sọnù ni?"

Ẹ gbọ́ o. Tọkọtaya ń kọjá, àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ ń kọjá, kò bi wọ́n. Èmi ló bi. Mo ní rárá mà, mò ń gbafẹ́ ni. Ó ní ó dáa, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ níbi tó jókòó sí, pé ṣebí ó kàn fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni, ìwọ náà máa ń gba nǹkan sára jù. Ó dáa. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni, ohùn ẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò wo máàpù, tí ò wọ̀tún wòsì, tó ń rìn jẹ́jẹ́ ẹ̀, kí ló fi hàn pé ó sọnù? Ẹ dá mi lóhùn! Ìwọ tó ń bá mi jiyàn yìí, ìgbà mélòó ni wọ́n ti dá ẹ dúró níwájú ilé tí ò ń gbé gan-an pé ta lò ń wá? Ẹ̀ẹ̀kan ò ṣe nǹkan. Ó máa ń pọ̀ ni, ó máa ń dùn èèyàn dé eegun.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Lálẹ́ mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àǹtí mi n'Íbàdàn, ni vọ́ísì nóòtì bá wọlé: "Ó rẹwà o ọmọ mi, ta lo lọ kí níbẹ̀?" Mo ní mi ò lọ kí ẹnì kankan mà, mo kàn rìn ni. "O sanwó, o wọkọ̀, o lọ rìn?" Hahaha! Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín yẹn ṣàdédé gbẹ lẹ́nu mi. Ìbéèrè kan náà mà ni! Bíi pé irú wa ò gbọdọ̀ wà níbì kan àfi tá a bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tẹ́nì kan rán wa. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú èèyàn yẹn, ẹ mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń rí láàárọ̀. Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí omi àti pẹ́pẹ́yẹ, mi ò ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni!

Ẹ̀n-ẹ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé afárá Pontcysyllte. Omi kánààlì náà gba orí afárá kọjá, nínú ọpọ́n irin, ọkọ̀ ń lọ lórí ẹ̀, odò Dee wà nísàlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 38! Àwọn ẹnjiníà méjì, Thomas Telford àti William Jessop, ló ṣe é, 1805 ni wọ́n ṣí i, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2009. Irin ìdìmú wà lápá ibi tá a ń rìn, apá kejì, kò sí nǹkan kan, òfuurufú gbalaja. Bàbá kan juwọ́ sí mi látinú ọkọ̀ ẹ̀, ó ní ojú ọjọ́ mà dáa o, mo ní ó dáa gan-an ni sà. Kò bi mí ní nǹkan kan mìíràn.

Físà àǹtí mi ti jáde báyìí o, mo ti sọ fún wọn pé Llangollen la ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn ò ní gun afárá omi láéláé. A máa rí i!