Mẹ́séèjì Aago Mẹ́sàn-án Alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan náà ni lónìí, mi ò gba àlejò, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi ó ti pẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tá à ń ṣe látilé ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ látilé, inú mi dùn gan-an, mi ò sáré bá ọkọ̀ ojú irin mọ́, ọmọ mi á ti iléèwé dé á bá mi nílé. Alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, mẹ́séèjì ọ̀gá mi wọlé, aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀, ìbéèrè kékeré ni, fáìlì wo la máa lò. Mo dáhùn kíá, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó dúpẹ́, ó ní ọwọ́ mi yá, mo sì fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn tayọ̀tayọ̀. Lọ́jọ́ kejì òmíràn wọlé. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ó ti di ojoojúmọ́, tí mi ò bá sì tíì dáhùn àyà mi á máa já. Èmi fúnra mi ni mo fi hàn án pé kò sígbà tí kò lè rí mi.

Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìyẹn ni òótọ́ ibẹ̀. Físà tí mo fi ń gbé nílùú yìí, ilé iṣẹ́ yẹn ló ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú irú ẹ̀ mọ nǹkan tí mò ń sọ, tí iṣẹ́ bá bọ́, kì í ṣe owó oṣù nìkan ló lọ. Ìdí nìyẹn tínú mi kì í dùn táwọn èèyàn bá ń sọ pé ṣáà sọ fún wọn pé rárá, bí ẹni pé gbogbo wa la lè sọ ọ́ bákan náà.

Ọmọ mi ló là mí lójú. Ó ń kàwé fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù dún, ó sì dákẹ́, ó fi ìka sí ibi tó kà dé, ó ń dúró. Kò bínú o. Ó ti mọ́ ọn lára. Ìdúró yẹn dùn mí ju kó sunkún lọ.

Tílẹ̀ mọ́, nígbà tí èmi àti ọ̀gá mi jọ ń sọ̀rọ̀, mi ò ráhùn rárá, mo kàn bi í léèrè pé àwọn mẹ́séèjì alẹ́ yẹn, ṣé alẹ́ náà ló ń fẹ́ èsì ẹ̀ àbí tó bá di àárọ̀ ó ti tó? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àárọ̀ ti tó, kóun má baà gbàgbé lòun ṣe ń fi ránṣẹ́. Oṣù mélòó ni mo ti fi ń dá ara mi láàmú! Mo fi íméèlì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ yẹn gan-an: mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ kó pè mí. Kó pè o, kì í ṣe kó kọ mẹ́séèjì, torí èèyàn máa ń rò ó dáadáa kó tó pe ẹlòmíì lálẹ́. Látìgbà yẹn ẹ̀ẹ̀mejì péré ló pè, méjèèjì sì nídìí. Òun náà gbàgbé nígbà kan, ó ní kí ló dé tí mi ò dáhùn lánàá, mo rọra rán an létí íméèlì yẹn, ọ̀rọ̀ parí.

Mo yọ app iṣẹ́ kúrò lórí fóònù mi. Laptop máa ń wọ dúrọ́ọ̀ ní márùn-ún.

Àwọn ìjọba kan tiẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ kíkàn sí òṣìṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ṣòfin. Ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2017, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 ó kéré tán gbọ́dọ̀ bá wọn jíròrò ẹ̀. Ní Ọsirélíà, láti 26 oṣù kẹjọ 2024, òṣìṣẹ́ lè kọ̀ láti dáhùn lẹ́yìn iṣẹ́, àfi tí kíkọ̀ ọ̀hún ò bá bọ́gbọ́n mu. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Pọ́túgà, tọdún 2021, torí ọ̀gá lòfin yẹn kọjú sí, òun ni kò gbọdọ̀ kàn sí èèyàn lákòókò ìsinmi. Ẹ ka ti ibi tẹ́ ẹ wà dáadáa ṣá, torí ti Ontario ní Kánádà, ìwé ìlànà ló ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 25 sókè kọ, kò sọ pé wọn ò gbọdọ̀ pè yín.

Ọ̀rọ̀ ìlera sì ni pẹ̀lú. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, àti ILO, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, sọ ọ́ lọ́dún 2021 pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tiẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju tẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Ìṣẹ́jú méjì-méjì yẹn máa ń pọ̀ o, ẹ kàn jókòó kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀.

Ẹ̀yin tí físà yín ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbohùn sílẹ̀ fún mi, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Kódà tó bá jẹ́ òru lẹ fi ránṣẹ́, kò burú. Màá gbọ́ ọ láàárọ̀.