Lénì Tó Le Níbi Ìdíje Bowling: Ẹsẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣí

[Àwòrán: lénì gbọọrọ kan, pínnì 10 tò sí ìparí rẹ̀]

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti Adó-Èkìtì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọkọ̀ láti Adó, Ìkéré tàbí Ìkọ̀lé lọ díje bowling, ìyẹn eré yíyí bọ́ọ̀lù lórí lénì (ọ̀nà gbọọrọ onípákó) láti fi wó pínnì 10, ní Èkó tàbí Àbújá, ẹ̀yin ni mo torí yín ṣe fídíò yìí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yí bọ́ọ̀lù dáadáa níbi tí ẹ ti ń ṣeré. Àmọ́ bí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń gbọ́ tiyín tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tinú ara ẹ̀. Ọwọ́ yín kọ́ ló bàjẹ́. Òróró tó wà lórí lénì ló yàtọ̀.

Láti ìlà tí ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá dé ìdí pínnì iwájú, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 39 ló wà ní ìbú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń pa á ní òróró, òróró náà sì sábà máa ń gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40. Apá tó kù lọ́dọ̀ pínnì á gbẹ. Bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ nínú òróró. Tó bá dé ibi tó gbẹ, á di ilẹ̀ mú, á sì ya wọlé.

Níbi eré ojoojúmọ́, àárín ni wọ́n ń da òróró sí jù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fúyẹ́. Bí bọ́ọ̀lù yín bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ jù, gbígbẹ ibẹ̀ á dá a padà. Bó bá wọ àárín jù, òróró ò ní jẹ́ kó yà kọjá. Lénì ìdíje kì í ṣàánú bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè tẹ́ òróró ibẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, débi pé bí ẹ bá fi pákó méjì péré ṣì í, pínnì á ṣẹ́kù.

Ojú kì í sì í rí òróró yìí. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì mọ̀ pé níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, wíwò ò lè sọ èwo ló gbóná, àfi kéèyàn ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù yín ni ẹsẹ̀ yẹn. Torí náà, ẹ má fi gbogbo àkókò ìdánrawò wá strike, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wó gbogbo pínnì 10. Ẹ yí ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, ẹ yí ọ̀kan sí àárín, kí ẹ sì máa wo ibi tó ti ń yà.

Ẹ bèèrè gígùn òróró lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò ìdíje. Ẹ yọ 31 kúrò nínú rẹ̀. Iye tó kù ni pákó tó yẹ kí bọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jáde nínú òróró. Bí òróró bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 41, pákó 10 nìyẹn. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún á kà á láti ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì á kà á láti òsì. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ lásán ni o. Ohun tí bọ́ọ̀lù bá ṣe lójú yín ni kí ẹ gbà.

[Àwòrán: ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ yí bọ́ọ̀lù, ó ń sún díẹ̀díẹ̀ sí òsì]

Ibí gan-an ló ká mi lára jù. Bí lénì bá ti le, ọ̀pọ̀ èèyàn á fi agbára kún un, wọ́n á máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ bí ẹni ń jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ ṣí. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá ṣìnà sí, ibẹ̀ náà ni kí ẹsẹ̀ yín lọ. Ká ní ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni yín, tí bọ́ọ̀lù sì lọ lu pínnì iwájú lójú, ẹ sún ẹsẹ̀ sí òsì ní pákó 2, kí ibi tí ẹ ń wò náà sún sí òsì ní pákó 1. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ pínnì iwájú, ẹ sún sí ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù kan tó jáde lọ́wọ́ yín dáadáa ti tó láti fi ṣèdájọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí férémù mẹ́ta bá ti bàjẹ́ nínú férémù (ìpín eré) mẹ́wàá tó wà.

Òróró kì í sì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìyísí kan, ẹ gbé bọ́ọ̀lù yín wò: ẹ ó rí òrùka òróró tó yí i ká. Ara lénì ló ti kó o. Bí gbogbo yín bá ń gba ojú ọ̀nà kan náà, ibẹ̀ á gbẹ, bọ́ọ̀lù tó ń wó gbogbo pínnì ní àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè yà, á sì máa fi pínnì méjì tó jìnnà síra sílẹ̀. Ẹ nu bọ́ọ̀lù kí ẹ tó tún yí i. Lábẹ́ òfin USBC, àjọ bowling Amẹ́ríkà, aṣọ gbígbẹ nìkan lẹ lè fi nù ún bí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ olómi kankan, láti 2019.

Lénì méjì lẹ ó máa yí sí ní àyídà, wọn kì í sì í ṣe bákan náà. Ẹ fi ìwé kékeré sápò, kí ẹ kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: “Lénì òsì: ẹsẹ̀ ní pákó 22, ojú ní pákó 12.”

Spare, ìyẹn fífi bọ́ọ̀lù kejì kó pínnì tó kù, wá ńkọ́? Bí ẹ bá ń lu pínnì 9 nínú bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ férémù kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń kó ẹyọ kan tó kù, tí bọ́ọ̀lù àjẹmọ́nú ìkẹyìn náà sì lu 9, máàkì 190 lẹ ó ní láìsí strike kan ṣoṣo. Lórí lénì tó le, 190 kì í ṣe kékeré. Bọ́ọ̀lù oníke ni kí ẹ fi kó ẹyọ pínnì, torí kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí òróró. Á lọ tààrà. Pínnì kẹwàá tó wà ní igun ọ̀tún, ọlọ́wọ́ ọ̀tún á dúró sí apá òsì, á sì yí i gba àárín kọjá lọ bá a.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ lẹ fi ń díje, kí ẹni tó kọ́kọ́ yí sọ ohun tó rí fún ẹni tó kàn kí ìyẹn tó gbé bọ́ọ̀lù: ibi tó gbẹ, ibi tó ń yọ̀, àti lénì tó ń tètè yà nínú méjèèjì.