Omi Nìkan, Kò Sí Ìṣínu

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti iṣẹ́ òru dé tí oorun ò sì gbé yín lọ, mo kí yín. N ò gbàlejò lónìí, èmi nìkan ni. Ọ̀rọ̀ àwẹ̀ ni mo gbé wá. Kì í ṣe àwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì o, kì í sì í ṣe Ràmàdáánì. Àwẹ̀ olómi ni, èyí tí wọ́n ń gbà kí ìsanra lè dínkù: omi láàárọ̀, omi lọ́sàn-án, omi lálẹ́, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́. Mo gbà á. Ẹ jókòó, kí n ròyìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Dundee níbí, ní Scotland. Iṣẹ́ òru pọ̀ níbẹ̀. Bí aago mẹ́ta òru bá lù, ara á máa wá nǹkan. Bísíkíìtì tí àwọn ọmọ kó wá fún òbí wọn wà lórí tábìlì, ṣokoléètì wà nínú dúrọ́ọ̀, ìrẹsì tí mo gbé láti ilé sì ń dúró dè mí. Nílé, bí ẹnì kan bá ní "o ti sanra o," ìkíni ni. Ó ń sọ pé ayé yẹ ọ́. Níbí, nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ fún mi, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó kì mí láyà ni pé àwa Yorùbá mọ àwẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń jí wa fún sààrì nílé bàbá mi, mo sì mọ àwẹ̀ tí Rídíìmù fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún, torí ibẹ̀ ni ìyá mi ń lọ. Àwa ọmọdé ilé, ẹ̀bẹ̀ la máa ń bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ ká gbà á dé ọ̀sán. Nígbà tí mo wá rí àwọn òyìnbó nínú fídíò, tí wọ́n ń sunkún lọ́jọ́ kejì, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí lẹ mọ̀?

Àmọ́ gbogbo àwẹ̀ tí mo mọ̀ ló ní ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, ilé á máa ta sánsán. Ẹnì kan ń din àkàrà, ẹnì kan ń po ògì, dàbínù wà nínú abọ́, gbogbo wa la jọ ń ṣọ́ aago. Ebi ọ̀sán yẹn ní ibi tó ń lọ. Àwẹ̀ olómi ò ní ìrọ̀lẹ́. Aago méje á lù, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. O mu omi, o wo fóònù, aago mẹ́jọ lù. Oúnjẹ ló ń bá mi pín ọjọ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí kò sí mọ́ ni mo tó mọ̀. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló nira jù, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Ebi ní tiẹ̀ ní àkókò tó ń dé. Bí o dá a lóhùn, bí o kò dá a lóhùn, á kọjá.

Àfi níbi iṣẹ́. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa, búrẹ́dì yíyan ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀. A gbọ́dọ̀ gé etí ẹ̀ kúrò, bọ́tà sì gbọ́dọ̀ dé gbogbo igun nígbà tó ṣì gbóná. Èmi ni mo ń fi bọ́tà pa á. Bọ́tà yọ́, ó ṣàn sórí àtàǹpàkò mi, ọwọ́ mi sì ti ń lọ sẹ́nu kí n tó mọ̀. Mo nù ún mọ́ épúrọ́ọ̀nù. Etí búrẹ́dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, wọ́n gan, wọ́n pọ́n. Mo kó wọn dà nù, mo tún padà lọ wo inú garawa. Bàbá ní, kí ni mo sọnù síbẹ̀?

Ìwọ̀n sì ń kì mí lóríkì ní gbogbo àárọ̀. Kílò ń já bọ́, mo ń jó níwájú ẹ̀. Àṣé omi ni. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ń di nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, ìṣúra yìí ni ara kọ́kọ́ ń ná, bó bá sì ti ń tán, omi ẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ẹrù mi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rá wá ń jó gan-an, ìwọ̀n sì ń rìn bí ìgbín. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan náà ló ń lọ o. Ara ń bù nínú iṣan pẹ̀lú, iṣan tí mo fi ń gbé àwọn arúgbó dìde.

Ẹnu mi wá ń rùn. Kì í ṣe ti àìfọnu. Òórùn asitóònù ni, èyí tí a fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Bí ṣúgà bá tán, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ̀rá di nǹkan tí ọpọlọ lè lò, asitóònù á sì máa bá èémí jáde nínú iṣẹ́ yẹn. Ìbòmú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń polówó àwẹ̀ yìí á ní ara ń fọ ara ẹ̀ ni, wọ́n á dárúkọ Yoshinori Ohsumi, ará Japan tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2016 lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tú ohun tó ti gbó nínú ara ẹ̀ palẹ̀ tó sì ń tún un lò. Lóòótọ́ ló gbà á. Àmọ́ inú ìwúkàrà ló ti ṣe ìwádìí tó fi gbà á, kì í ṣe nínú ikùn ẹni tó ń wá bí aṣọ ẹbí ṣe máa wọ òun.

Àárín ìgbà yẹn ni màmá mi pè mí lórí WhatsApp. Wọ́n wo ojú mi. "Àṣàkẹ́, ojú ẹ ti jìn."

Mo ní, "Àwẹ̀ ni mo ń gbà, Mà."

Inú wọn dùn! "Kí la ń tọrọ? Sọ fún mi, kí n bá ẹ dá sí i."

Mo ní kò sí nǹkan tí mò ń tọrọ, mo kàn fẹ́ dín sísanra kù ni. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé kò sí oúnjẹ lọ́hùn-ún mọ́ ni?" Kí n tó fèsì, wọ́n ti bọ́ sórí ìwàásù: àwẹ̀ tí kò ládùúrà nínú, ebi lásán ni. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu pásítọ̀ láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bá mi wí.

Orúkọ kan wà tí àwọn alárọwà àwẹ̀ olómi fi ń búra: Angus Barbieri. Ará Tayport ni. Bí mo bá dúró létí odò Tay, mò ń rí Tayport lódìkejì, torí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀ kàn mí bí ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ọmọ ọdún 27 ni, ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wọn 207 kílò. Ní 1965 ó lọ bá àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Maryfield, ní Dundee níbí, ó sì gbààwẹ̀ fún 382 ọjọ́. Nígbà tó parí, 82 kílò ló wọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dá ìtàn dúró sí. Wọn kì í sọ pé wọ́n ń fún un ní fítámì, pọtásíọ́ọ̀mù àti iyọ̀, pé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ẹ̀ wò léraléra. Wọn kì í sọ pé nínú àpilẹ̀kọ tí àwọn dókítà náà gbé jáde ní 1973, wọ́n mẹ́nu ba àwọn mìíràn tó kú sínú irú àwẹ̀ yìí. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó máa ń tó ọjọ́ 37 sí 48 kí ọkùnrin náà tó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Ẹ má bínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹun lọ́wọ́.

Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ láti bá ìyá àgbà kan so okùn bàtà. Bí mo ṣe dìde, òòyì kọ́ mi, ojú mi ṣókùnkùn, mo di ògiri mú. Iyọ̀ àti omi tí ara ń tọ̀ dànù ló ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ni wọ́n fà mí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n má baà ṣubú! Mo fòpin sí i lọ́jọ́ yẹn.

Ìṣínu gan-an ló wá léwu jù. Àwa, bí a bá ṣínu, àsè ni. Àmọ́ lára ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, bí oúnjẹ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ara á fa fọ́sífeètì àti pọtásíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lọ lójijì, ọkàn sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ogun Àgbáyé Kejì kan kú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ tí wọ́n rí oúnjẹ jẹ. Ìlànà ìlera ní Britain ni pé ẹni tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan ju ọjọ́ 5 lọ, kí wọ́n má fún un ju ìdajì ohun tí ara ẹ̀ nílò lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Omi ọbẹ̀ ẹja tí kò lata ni mo fi ṣínu, ṣíbí mélòó kan. Barbieri fi ẹyin sísè kan àti búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa ṣe tiẹ̀.

Kílò tó jẹ́ omi padà kíá. Díẹ̀ nínú ìyókù ò padà. N ò ní gbà á mọ́, n ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, aboyún, ìyá ọlọ́mú, ẹni tí oúnjẹ ti di ìjà fún tẹ́lẹ̀, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Bó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín nípa ètò ọbẹ̀ àti mílíkì pípò, tí kò ju bíi 850 kálórì lọ lójúmọ́. Wọ́n dán an wò ní Scotland níbí àti lágbègbè Newcastle, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2017: nínú èèyàn 149 tí wọ́n fi sórí ètò náà, àtọ̀gbẹ àwọn 68 rọlẹ̀ láàárín ọdún kan láìlo oògùn. Ìyẹn ní nọ́ọ̀sì nínú, ó sì ní oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, bó ti wù kó kéré mọ.

Ní ti màmá mi, wọn ò gbà pé kò sí nǹkan tí mò ń tọrọ. Wọ́n ti sọ fún ẹgbẹ́ aládùúrà wọn pé Àṣàkẹ́ ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ́ sọ, gbogbo wọn sì ti ń bá mi ṣe àmín sí i.