Òwe Uzbek àti Òwe Gẹ̀ẹ́sì: Ibi Tí Wọ́n Ti Takora

Ẹ kú ìjókòó o.

Bí ẹnì kan bá ń náwó ju agbára rẹ̀ lọ ní Uzbekistan, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, àgbà lè sọ fún un pé: "Ibi tí aṣọ ìbora rẹ bá gùn dé ni kí o na ẹsẹ̀ dé." Gẹ̀ẹ́sì ní bí aṣọ bá ṣe tó ni kí o gé ẹ̀wù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Uzbek tún ní kí o wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀meje kí o tó gé e. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn.

Àwọn tó jọra yìí kò pẹ́ tú. Àwọn tó takora ni mo fẹ́ràn, torí ibẹ̀ ni ìgbé ayé àwọn ènìyàn ti ń hàn.

Ẹ gbọ́ ti Uzbek: "Má ra ilé, aládùúgbò ni kí o rà." Ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní mahalla, aládùúgbò ló ń wá ṣe ọ̀wẹ̀ nígbà tí o bá ń kọ́lé, hashar ni wọ́n ń pe ọ̀wẹ̀ náà. Bí o bá ń ṣègbéyàwó, àwọn náà ló ń dìde ní ìdájí láti bá ọ se ìrẹsì palov nínú ìkòkò ńlá. Ta ni yóò ra ilé níbẹ̀ láìbéèrè ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ní ilé ẹni ni odi agbára ẹni. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí amòfin Edward Coke ṣe nípa ẹjọ́ kan lọ́dún 1604. Ẹjọ́ yẹn ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ọba pàápàá gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bá wá, kó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kó tó lè já a. Ààbò ni òwe yìí ń wá, kì í ṣe ìkórìíra aládùúgbò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má torí rẹ̀ pe Gẹ̀ẹ́sì ní ahun.

Ó ku ti àlejò. Benjamin Franklin, atẹ̀wé ní Philadelphia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kàlẹ́ńdà rẹ̀ lọ́dún 1736 pé ẹja àti àlejò máa ń rùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Uzbek ní: "Àlejò ju bàbá rẹ lọ." Nínú ilé wọn, ibi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù lọ ni ìjókòó iyì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń fi àlejò sí. Lójú tèmi, Uzbek náà mọ ìnira àlejò dáadáa. Bó bá rọrùn láti gba àlejò ni, kí ni wọn ì bá tún máa fi bàbá ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ fún ọmọ?