Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Wá Ẹlẹ́rìí

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run. Kí n tó sọ bí a ṣe ń ya àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Andromeda, ọ̀kan lára àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ti rìn fún nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọdún kó tó wọnú kámẹ́rà wa. Lọ́dún 964, al-Sufi ará Páṣíà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dà bí ìkùukùu kékeré. Lọ́dún 1888, Isaac Roberts, oníṣòwò kan tó kàn fẹ́ràn ìràwọ̀, ya àwòrán tó fi hàn pé ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Láti ìgbà náà wá, àwòrán rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun téèyàn lè kà lọ. Ta ni ì bá rò pé ohun tuntun ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ó wà. Lọ́dún 2022, àwọn mẹ́ta kan tí kì í ṣe ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, ìyẹn Marcel Drechsler, Xavier Strottner àti Yann Sainty, pawọ́ pọ̀ lórí Andromeda. Sainty gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ kalẹ̀ nílẹ̀ Faransé, ó sì fi òru 22 kó ìmọ́lẹ̀ tó lé ní 100 wákàtí jọ. Fílítà tí wọ́n lò dà bí asẹ́: ìmọ́lẹ̀ ọ́síjìn nìkan ló ń gbà kọjá. Ni ohun kan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Andromeda, ó tẹ̀ bí ọrun, gígùn rẹ̀ sì tó òṣùpá àrànmọ́jú mẹ́ta tí a tò síra.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù. Wọn ò sáré pariwo. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn kọjú awò tiwọn síbẹ̀, láti ibòmíì, pẹ̀lú irinṣẹ́ mìíràn. Ó yọ sí àwọn yẹn náà lọ́wọ́. Ní January 2023, àwọn àti àwọn onímọ̀ tó fi ìràwọ̀ ṣiṣẹ́ ṣe jọ kọ̀wé nípa rẹ̀. Ibi tó wà gan-an, bóyá nítòsí wa ni o tàbí lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ Andromeda, ti di ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Àmọ́ pé ó wà, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn.

Kí ló dé tí iṣẹ́ yìí fi ń gba wákàtí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo àwòrán kan ṣoṣo tí a fi ìṣẹ́jú márùn-ún yà. Ẹ máa rí i pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyanrìn sórí aṣọ dúdú. Ìmọ́lẹ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn yẹn bò ó. Tí a bá ya òmíràn, ìmọ́lẹ̀ náà á bọ́ sí ojú ibi tó bọ́ sí tẹ́lẹ̀, iyanrìn á bọ́ síbòmíì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá to ọgọ́rùn-ún àwòrán lé ara wọn, iyanrìn á rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dúró.

Ìṣirò rẹ̀ ló wá le. Àwòrán 4 máa mú kó mọ́ ní ìlọ́po 2, àwòrán 100 sì máa mú kó mọ́ ní ìlọ́po 10. Nítorí náà, ẹni tó ti kó wákàtí 25 jọ gbọ́dọ̀ dé 100 kí tiẹ̀ tó fi ìlọ́po méjì dára sí i. Òru mélòó lèèyàn kan ní láàárín ọdún tí kò sí ìkùukùu, tí òṣùpá ò yọ, tí iṣẹ́ ò sì dúró dè é láàárọ̀? Ṣùgbọ́n tí ẹni mẹ́rin bá mú wákàtí 25 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti dé ibẹ̀.

Irinṣẹ́ wọn kì í dọ́gba, ìyẹn náà sì wúlò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Awò kékeré máa gba gbogbo àyíká ìṣùpọ̀ náà tán lójú kan. Awò ńlá máa rí fínnífínní inú rẹ̀, àmọ́ kò ní gba etí rẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ tó hàn nínú àwòrán méjèèjì la fi ń ṣe àmì, a ó na èyí, a ó yí tọ̀hún, títí wọ́n á fi ṣe wẹ́kú.

Ibi tó máa ń dùn mí ni ìgbà tí a ò bá lè lo àwòrán tí ẹnì kan fi odindi òru yà. Ó jókòó nínú òtútù títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti mi awò rẹ̀, gbogbo ìràwọ̀ wá gùn bí ẹyin. Ẹ sọ fún un fúnra yín, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má kàn yọ ọ́ kúrò.

Mo ti rí "ìyẹ́" kan rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M101, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó rẹwà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan fi tiẹ̀ ránṣẹ́, ibẹ̀ ṣófo. Mo padà síbi kámẹ́rà mi, mo bá ẹyọ eruku kan lórí gíláàsì fílítà. Òjìji rẹ̀ ni mo ń pè ní ìyẹ́. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ lásán, èyí tí kò sí ìràwọ̀ kankan nínú rẹ̀, tó yẹ kí n fi pa irú òjìji bẹ́ẹ̀ rẹ́, mo ti yà á ṣáájú kí eruku náà tó bà síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá yọ sí èmi nìkan, mi ò tíì rí i nìyẹn.

M101 yẹn kan náà ni Koichi Itagaki ti rí ìràwọ̀ tó bú gbàmù ní May 19, 2023, láti orílẹ̀-èdè Japan. Òun náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti wo ìràwọ̀. Bí ìròyìn ṣe tàn, àwọn tó ti ń ya ìṣùpọ̀ náà fún ẹwà rẹ̀ lásán padà sínú fáìlì wọn, wọ́n ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí dé wákàtí. Nínú àwòrán àwọn kan láti nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú, àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ti wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́lẹ̀ bọ̀. Òun làwọn onímọ̀ fi mọ ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀.